Ìpinnu láti pààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ìpinnu láti pààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èyí tí ẹnì kan, ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń rò ó bóyá kí wọ́n kúrò lórí ètò ìṣiṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà wọn ń lò, kí wọ́n sì bọ́ sórí òmíràn, bí àpẹẹrẹ láti Windows sí Linux, tàbí láti Windows 10 sí Windows 11. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà di ti ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Ní Mainland Èkó, láti Téjúoṣó dé Yábàá, Ṣómólú àti Mùṣíń, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, aránṣọ àti atẹ̀wé ń lò jẹ́ tòkunbọ̀ tí Windows 11 kò gbà.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni èwo ló dára jù. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa ń parí ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń pinnu rẹ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé, irú fáìlì tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.

## Ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ jẹ́

Ètò ìṣiṣẹ́ ni sọ́fítíwia tí ó ń darí kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí a bá ti tàn án títí a ó fi pa á. Òun ló ń bá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: ó ń pín ìrántí ẹ̀rọ fún àwọn iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́, ó ń tọ́jú fáìlì, ó ń gba ọ̀rọ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù, ó sì ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbogbo sọ́fítíwia yòókù, ìbáà ṣe èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà tàbí èyí tí a fi ń ya àwòrán, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Nítorí náà, pípààrọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí onílé bá fẹ́ tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe nígbà tí àwọn ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀.

Windows ti ilé iṣẹ́ Microsoft ni ó wọ́pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. macOS wà fún kọ̀ǹpútà Apple nìkan. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ní oríṣiríṣi ẹ̀yà bíi Debian, Fedora, Linux Mint àti Ubuntu. Ubuntu ni Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ Canonical gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Láti ọdún 2005 sí 2011, Canonical ń fi sídì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè fún un, níbikíbi ní ayé. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ṣì ń sanwó wákàtí ní sáíbà kaféè, sídì tí ó ti òkè òkun wá nínú àpòòwé kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré.

## Téjúoṣó àti àyíká rẹ̀

Ọjà Téjúoṣó wà ní Yábàá, ní ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba. Aṣọ, léèsì, bàtà àti ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Iná jó o ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Wọ́n sì tún un kọ́ sí ilé alájà ìgbàlódé tí Gómìnà Babatunde Fashola ṣí ní ọdún 2014.

Kì í ṣe ọjà kọ̀ǹpútà bíi Computer Village ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti wọ inú òwò aṣọ jìnnà ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe mọ́nógíráàmù sára agbádá nílò sọ́fítíwia tí yóò sọ àwòrán di ipa ọ̀nà abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó nílò sọ́fítíwia ayàwòrán. Ní agbègbè kan náà ni Yaba College of Technology wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, àti University of Lagos ní Akọkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn wá sí ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí ó yí wọn ká. Ní òpópónà Herbert Macaulay ni Co-Creation Hub ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2011, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń kọ sọ́fítíwia sì tẹ̀ lé e wá sí Yábàá. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ní àdúgbò kan ṣoṣo, a lè rí akọ̀wé sọ́fítíwia tí kò fẹ́ràn Windows rárá, kí a sì rí aṣemọ́nógíráàmù tí kò lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láìsí i.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni èyí tí ilé iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ti lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà á: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad. Wọ́n lágbára, wọ́n sì ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ó rà wọ́n kì í sábà yan ètò ìṣiṣẹ́ wọn. Ó bá Windows lórí wọn ni, nígbà mìíràn ojúlówó, nígbà mìíràn èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n àyínìke ṣí láìsan owó fún un.

## Ọ̀ràn Mandriva ní ọdún 2007

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù nípa bí irú ìpinnu yìí ṣe ń wáyé ní Nàìjíríà kò ti ọwọ́ aṣàmúlò kọ̀ǹpútà wá. Inú ìwé àdéhùn ló ti wá.

Ní ọdún 2007, ìfigagbága ńlá wà láàárín àwọn tí ó fẹ́ pèsè láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń gòkè àgbà. Nicholas Negroponte àti àjọ One Laptop per Child gbé ẹ̀rọ XO jáde, èyí tí Linux wà lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Intel gbé Classmate PC jáde, èyí tí ó lè gbé Windows tàbí Linux. Wọ́n dán ẹ̀rọ méjèèjì wò ní àwọn ilé ìwé kan ní Àbújá.

Ìjọba Nàìjíríà gbà láti ra Classmate 17,000. Universal Service Provision Fund, owó àkànṣe tí ó wà lábẹ́ àjọ NCC, ni yóò san owó rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Technology Support Center ni yóò pèsè wọn. Linux tí ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni wọ́n yàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá àgbà Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà. Ó ní agbaṣẹ́ṣe ti sọ fún àwọn pé òun yóò san owó Mandriva pé, ṣùgbọ́n òun yóò yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, òun yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ó bi Ballmer léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn náà tí wọ́n fi yí ọkàn padà.

Àwọn ìròyìn tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà náà sọ nípa àdéhùn ìpolówó ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 400,000 dọ́là, tí Microsoft àti agbaṣẹ́ṣe náà ń jíròrò lé lórí. Microsoft kò gbà pé àwọn ṣe ohun àìtọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà: Universal Service Provision Fund ní Mandriva ni òun fẹ́ kí ó wà lórí ó kéré tán 11,000 nínú àwọn ẹ̀rọ náà.

Nínú gbogbo ohun tí aráyé kà nípa àríyànjiyàn yìí, àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ ni olùtà, agbaṣẹ́ṣe àti olùsanwó. Ohùn olùkọ́ tí yóò dúró níwájú kíláàsì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, lọ́nà kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi ètò ìṣiṣẹ́ sórí láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó gbé e síta ti bá ẹni tí yóò rà á pinnu, ẹni náà kò sì mọ̀ pé ìpinnu kankan wáyé.

Ní ẹ̀wádún kan náà ni Leapsoft, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, gbé Wazobia Linux jáde, kí àwọn ènìyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Kò gbilẹ̀ ní ọjà.

## Òpin Windows 10

Microsoft máa ń kéde ọjọ́ tí yóò dáwọ́ àtúnṣe dúró fún ẹ̀dà Windows kọ̀ọ̀kan. Ti Windows XP jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ti Windows 7 jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Kọ̀ǹpútà kì í kú ní ọjọ́ náà. Yóò tàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bí ti tẹ́lẹ̀, èyí gan-an ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo lásán ni. Ohun tí ó dópin ni dídí àwọn ihò tí àwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i. Microsoft ti dí ihò náà láti oṣù Kẹta ọdún yẹn fún àwọn ẹ̀dà tí ó ṣì ń tọ́jú. Àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe náà, àti àwọn tí ẹ̀dà wọn ti kọjá ọjọ́ ìtọ́jú, ni ilẹ̀kùn wọn ṣì ṣí sílẹ̀.

Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ó béèrè RAM gígábáìtì 4, ààyè ìtọ́jú gígábáìtì 64, ẹ̀yà ààbò tí à ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. Ohun ìkẹyìn yìí ló le jù fún oní-tòkunbọ̀. Fún Intel, àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. HP EliteBook 840 G3 ń lo ìran kẹfà, kò sì sí nínú rẹ̀. 840 G5 tí ó ní ìran kẹjọ wà nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù méjèèjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lórí tábìlì olùtajà, kí owó wọn má sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà ní láti wo nọ́ńbà ọpọlọ ẹ̀rọ: nínú i5-6300U, 6 ni ìran, nínú i5-8350U, 8 ni ìran.

Fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bọ́ sí i, ọ̀nà kò pọ̀. Microsoft fi àtúnṣe ààbò ọdún kan kún un fún aṣàmúlò lásán, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, fún 30 dọ́là, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá gbà kí àwọn ètò ẹ̀rọ rẹ̀ máa wà ní ìpamọ́ lórí àkáǹtì Microsoft rẹ̀. Èyí sún ọjọ́ ìpinnu síwájú ni. Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe kan máa ń fo àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò tó o. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà, oníbàárà tí wọn kò sì sọ fún kò ní mọ ìdí rẹ̀ bí àtúnṣe bá dẹ́kun lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà tí ó kù, yàtọ̀ sí ríra ẹ̀rọ mìíràn, ni Linux, tí kò béèrè TPM tí kò sì bìkítà nípa ìran ọpọlọ ẹ̀rọ. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tí ó ní RAM gígábáìtì 8 yóò gbé Linux Mint láìmí gúlegúle.

## Ohun tí ó ń so ènìyàn mọ́ Windows

Ní Ṣómólú, tí a mọ̀ sí ìlú àwọn atẹ̀wé ní Mainland, CorelDRAW ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Oníṣòwò tí ó ti Téjúoṣó wá ṣe lébẹ́ẹ̀lì aṣọ rẹ̀ máa ń bá fáìlì CDR pàdé, bóyá ó mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ Corel gbé CorelDRAW 9 jáde fún Linux ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n kò bá a lọ. Lóde òní, Windows àti macOS nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Inkscape, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì CDR, ṣùgbọ́n àwọ̀, òjìji àti fọ́ǹtì lè yí padà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń ya àwòrán tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè fi Inkscape jẹun. Ẹni tí ó ń gba fáìlì ẹlòmíràn láràárọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti mọ́nógíráàmù. Wilcom, tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, jẹ́ ti Windows. Ink/Stitch, tí ó jẹ́ àfikún ọ̀fẹ́ fún Inkscape, lè ṣe fáìlì tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń kà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ṣùgbọ́n kíkọ́ rẹ̀ gba àkókò, àwọn ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọṣẹ́ kò sì fi í kọ́ wọn. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, sọ́fítíwia tí ọ̀gá ẹni fi kọ́ni ni ó máa ń bá ni lọ, bí abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ṣe, ìyẹn kíkọ ìwé, kíka PDF, wíwo fídíò àti lílo íntánẹ́ẹ̀tì, kò mọ ètò ìṣiṣẹ́ kankan sí ọ̀gá. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sí irú kan náà. Ewu rẹ̀ wà nínú fọ́ǹtì. Iṣẹ́ ìwádìí tí olùdarí rẹ̀ ní kí wọ́n fi Times New Roman kọ lè pàdánù ìtò ojú ewé rẹ̀ bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí ẹ̀rọ, kí àkòrí orí kẹta bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, kí nọ́ńbà inú àtòjọ àkóónú má sì bá ojú ewé mu mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe fọ́ǹtì Liberation Serif, tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ bá ti Times New Roman dọ́gba, àti Carlito tí ó bá Calibri dọ́gba. Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀, ó sàn kí ó sọ ọ́ di PDF lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, nítorí pé PDF kì í yí ojú padà ní ilé ìtẹ̀wé.

Ìdè kan wà tí kì í ṣe ti sọ́fítíwia. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, fọ́máàtì ni oògùn gbogboògbò: wọn yóò nu ohun gbogbo, wọn yóò sì fi Windows sí i. Ẹni tí ó gbé láptọ́ọ̀pù tí Linux wà lórí rẹ̀ lọ fún bátìrì tàbí ojú skírìnì yóò ṣe dáadáa bí ó bá lẹ bébà mọ́ ọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

## Kíkọ èdè Yorùbá

Fún ẹni tí ó ń kọ Yorùbá, ìpinnu yìí ní apá kan tí àwọn ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ ní òkè òkun kì í mẹ́nu kàn. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí a ṣe ń gbé e lé e, àmì ohùn yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo hàn níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà wà.

Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn atẹ̀wé ń lo fọ́ǹtì àdáṣe tí wọ́n ti fi àwòrán lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àwòrán àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà wà, ìwé náà gún régé. Lórí òmíràn, yóò di àmì ìbéèrè àti àmì dọ́là. Ẹni tí ó bá ní ewì, ìtàn ìdílé tàbí ìwé tí kò tíì tẹ̀ jáde nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ nu Windows àtijọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ wọ́n di Unicode, tàbí kí ó tẹ̀ wọ́n sórí bébà, tàbí ó kéré tán kí ó sọ wọ́n di PDF tí fọ́ǹtì náà wà nínú rẹ̀. Fáìlì yóò ṣì wà lẹ́yìn tí fọ́ǹtì bá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á kò ní sí. Nínú gbogbo àdánù tí pípààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ lè fà, èyí ni ó ṣòro jù láti rí lójú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé wọ́n sábà máa ń ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mélòó kan.

Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú rẹ̀, àpò èdè tí ó ń yí ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ padà sí Yorùbá sì ti wà fún Windows 7. Túndé Adégbọlá àti African Languages Technology Initiative ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ní ọdún 2016, YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún Yorùbá àti Ígbò jáde fún Windows àti Mac. Nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù Linux, abẹ́ orúkọ Nàìjíríà ni Yorùbá wà, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Fọ́ǹtì DejaVu àti Noto sì ń gbé àmì ohùn sí ibi tí ó yẹ. Ohun tí ó ṣòro ni pé ibi tí bọ́tìnnì wà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kan yóò máa kọ Yorùbá bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

## Dídán an wò kí a tó pinnu

A lè dán Linux wò láìfi ọwọ́ kan Windows. A ó fi í sórí fláàṣì, a ó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà. Bí a bá yọ ọ́, tí a sì tún ẹ̀rọ tàn, Windows yóò padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Gbígbà á sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ dátà: Linux Mint tó gígábáìtì 3, Ubuntu 24.04 sì súnmọ́ 6. Ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́ tí ó ti gbà á sílẹ̀ lè dà á kọ, kò sí òfin tí ó lòdì sí i.

Nígbà ìdánwò yìí, ohun tí ó yẹ kí a wò ni àwọn nǹkan tí a kì í ronú kàn títí wọn yóò fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́: Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti bóyá ẹ̀rọ ń sùn kí ó sì jí bí a bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Wi-Fi àwọn láptọ́ọ̀pù kan tí ó ń lo ẹ̀yà Broadcom nílò sọ́fítíwia àfikún, sọ́fítíwia náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí Wi-Fi kò tíì lè dé. A ń yanjú rẹ̀ nípa fífi okùn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù kí ó pín dátà fún un.

Lórí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ lò rí, BitLocker lè ti ti díìsìkì pa. Bí ènìyàn bá yí ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ padà láìní nọ́ńbà ìmúpadàbọ̀sípò rẹ̀ lọ́wọ́, Windows lè béèrè nọ́ńbà náà kí ó sì kọ̀ láti ṣí. Ẹ̀dà fáìlì ní láti wà níbi mìíràn, lórí díìsìkì ìta tàbí orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì tí ó ń pín díìsìkì. Iná tí ó lọ láàárín iṣẹ́ yìí lè ba ohun gbogbo jẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kò lè dúró fún wákàtí kan kò yẹ fún un àfi bí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà bá wà nítòsí.

Àwọn mìíràn ń fi Windows àti Linux sórí ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n lè yan èyí tí wọ́n fẹ́ nígbà tí wọ́n bá tàn án. Ó bá atẹ̀wé tí CorelDRAW kò lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mu, tí ó bá lè máa gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára Windows tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́. Ó ń jẹ ààyè díìsìkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bá ara wọn lórí ọ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

## Pípadà sẹ́yìn

Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní ọdún 2003 láti kó àwọn kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà, tí ó ju 14,000 lọ, kúrò lórí Windows sí Linux. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò láti padà sí Windows. Lára ohun tí wọ́n ráhùn sí ni ìwé tí ó ń wá láti àwọn ọ́fíìsì mìíràn àti sọ́fítíwia àkànṣe tí kò sí fún Linux. Wàhálà Ṣómólú kan náà ni, kìkì pé aṣọ mìíràn ni ó wọ̀.

Gendarmerie, ẹ̀ka ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé kan, gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ètò ìṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, wọ́n fi OpenOffice rọ́pò Microsoft Office lórí Windows tí wọ́n ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi Firefox sí i. Ìgbà tí ó di ọdún 2008, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ubuntu rọ́pò Windows, sọ́fítíwia tí àwọn ọlọ́pàá náà ń ṣí láràárọ̀ kò yí padà mọ́. Ìpìlẹ̀ nìkan ni ó yí. Kọ̀ǹpútà wọn tí ó wà lórí Linux ti ju 70,000 lọ lẹ́yìn náà, wọn kò sì padà.

LibreOffice, Firefox, Inkscape àti Ink/Stitch ń ṣiṣẹ́ lórí Windows pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà tàbí aṣemọ́nógíráàmù ní Téjúoṣó tí kò tíì dá a lójú lè fi wọ́n sórí Windows 10 rẹ̀, kí ó fi wọ́n ṣe iṣẹ́ gidi fún oṣù kan, kí ó sì kọ gbogbo ìgbà tí ó ní láti padà sí Word, CorelDRAW tàbí Wilcom sílẹ̀.